Ìka Òrùka Káfíńtà

Ìka ni wọ́n kọ́kọ́ rí, kí wọ́n tó rí ẹni tó ni ín. Alétò ayẹyẹ, obìnrin tó ń bá èèyàn ṣètò ìnáwó, ló fẹsẹ̀ gbá a ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tó yọjú sí ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà láti wò bóyá férémù tí wọ́n fẹ́ fi òdòdó yí ká, tí Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ máa dúró sí abẹ́ rẹ̀ ní Sátidé, ti gbẹ. Ó rò pé ẹ̀ka igi kékeré kan ló yí síwájú òun. Obìnrin tó fẹ́ràn ìmọ́tótó ni, ló bá bẹ̀rẹ̀ kó gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbà yẹn ló rí i pé ohun tí òun dì mú ní èékánná. Igbe tó ké ló kó àwọn ará àdúgbò jọ.

Ẹni tó ni ìka wà lẹ́yìn tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó dojú bolẹ̀ nínú ìyẹ̀fun pákó. Wọ́n ti fi òòlù irin fọ́ ẹ̀yìn orí rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyẹ̀fun pákó ti mu ẹ̀jẹ̀ náà yó títí ó fi di ẹrẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ta dé ara ògiri, ó ta sára férémù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ nà lórí pákó kan, ṣísẹ́ẹ̀lì, irin ẹlẹ́nu mímú tó fi ń gbẹ́ igi, sì dúró ṣánṣán nínú pákó náà, níbi tí ìka òrùka yẹ kó wà.

Abẹ́rẹ́ dúró wò ó pẹ́. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pe ọ̀gá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ obìnrin yìí, nítorí pé ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń wọ ibi tí kò sẹ́ni tó rò pé nǹkan lè gbà wọlé. Kò fẹ́ràn òkú, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ fún òun pé yóò mọ́ òun lára. Ogún ọdún rèé, kò tíì mọ́ ọn lára.

"Olè ni, Ọ̀gá," Sájẹ́ńtì wí. Ọkùnrin sísanra ni Sájẹ́ńtì, ó sì ti ń làágùn látìgbà tó ti rí ìka náà. "Òrùka ti lọ, fóònù ti lọ. Olè pátápátá."

"Ọ̀gá àgbà àgọ́ wa ní ìyàwó ẹ̀ ni," Abẹ́rẹ́ wí.

"Bó bá jẹ́ ìyàwó, òrùka ọkọ ẹ̀ ló wá ń jí?"

Ìbéèrè tó dáa ni, àmọ́ ọ̀gá àgbà kò ní sùúrù fún ìbéèrè. Àwọn aládùúgbò ti sọ fún un pé ní aago mẹ́sàn-án, ìyàwó Káfíńtà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yìí, ó ń pariwo mọ́ ọkọ rẹ̀ pé, "N ó pa ẹ́! Bóo bá dójú tì mí, n ó pa ẹ́!" Ìyẹn ti tó fún ọ̀gá àgbà. Wọ́n ti lọ mú un níbi iṣẹ́, wọ́n ti tì í mọ́lé. Bílẹ̀ bá mọ́, ilé ẹjọ́ ni. Ohun tó ku fún Abẹ́rẹ́ kò ju ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lọ.

Ó tún ṣọ́ọ̀bù náà wò. Dúrọ́ọ̀mù omi kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kún, ó mọ́ lóló, ife sì léfòó lórí rẹ̀. Lórí pẹpẹ tó wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn àwọn ike pólíìṣì, wọ́n ṣí ìgò kẹrosíìnì kan sílẹ̀. Àkísà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti rin gbindin. Abẹ́rẹ́ gbé e sún mọ́ imú. Kẹrosíìnì ló ń rùn.

Ó wo àkísà, ó wo dúrọ́ọ̀mù. Ó ní kí Sájẹ́ńtì di àkísà náà sínú ọ̀rá.

Alétò ayẹyẹ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ti fi bébà ìnuwọ́ nu ọwọ́ títí awọ rẹ̀ fi pọ́n.

"Mo dì í mú," ó wí. "Ọ̀gá, mo fi ọwọ́ mi yìí dì í mú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ máa mí. Ètò ayẹyẹ yìí, ta ló fẹ́ ẹ nínú àwọn méjèèjì?"

"Ìyàwó ni. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, ó fẹ́ kí wọ́n tún ẹ̀jẹ́ wọn jẹ́ lójú àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Ẹni tó ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó nígbà yẹn náà ló tún fẹ́ ṣe é. Pẹ́ńtà ni, òun ló ń kun gbọ̀ngàn fún wọn. Ó ti ní òrùka ọwọ́ Káfíńtà lòun máa fi ṣí ọ̀rọ̀ òun lọ́jọ́ náà. Pé látọjọ́ tó ti wọ̀ ọ́, kò bọ́ rí, kódà ó ní àdá nìkan ló lè yọ ọ́." Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu òun fúnra rẹ̀, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Káfíńtà ńkọ́? Inú rẹ̀ dùn sí i?"

"Ó dùn tẹ́lẹ̀. Òun ló ní òun máa kan gbogbo nǹkan onígi. Ó kan férémù, ó kan pẹpẹ, ó kan àpótí tí wọ́n máa gbé àkàrà òyìnbó lé. Àga kan ṣoṣo ló kù."

"Àga ta ni?"

"Ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó, tó ti kú. Bíríkìlà ni wọ́n ń pè é. Òun ló tọ́ ìyàwó dàgbà, ó wá já bọ́ látorí ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, nígbà tó ku ọdún kan kí wọ́n ṣègbéyàwó. Ìyàwó ní dandan ni kí àga rẹ̀ wà níwájú, kó ṣófo. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo bi Káfíńtà léèrè àga yẹn. Lánàá, mo ní ṣé kí n kúkú lọ yá òmíràn ni. Bó ṣe ju ayùn sílẹ̀ nìyẹn, tó bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́."

"Nítorí àga?"

"Nítorí àga, Ọ̀gá. Èmi náà wò ó títí, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe."

Ìgbà tí Abẹ́rẹ́ fi máa padà sí àgọ́, Sájẹ́ńtì ti mú olè wá. Ọwọ́fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe olè náà. Kò sí òrùka tó tíì sinmi lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tí Ọwọ́fẹ́ẹ́rẹ́ bá ti wà nítòsí. Wọ́n rí i tó ń kọjá nítòsí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì kún àyà ẹ̀wù rẹ̀. Inú Sájẹ́ńtì dùn débi pé ó ti gbá a létí ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan.

"Ẹ̀jẹ̀ ta nìyẹn?" Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Tèmi ni, mà. Ẹ wo imú mi. Wọ́n fọ́ ọ nílé tẹ́tẹ́. Èèyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ẹ lọ bi wọ́n."

"Òrùka káfíńtà ńkọ́?"

Ọwọ́fẹ́ẹ́rẹ́ nàró, ó dà bíi pé wọ́n bú u. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ọṣẹ ni mò ń lò. Ọṣẹ díẹ̀, itọ́ díẹ̀, ká máa yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ta ló ń gé ìka? Ẹni tó bá fẹ́ òrùka, fífà ló máa kọ́kọ́ fà á. Bó bá fà á tí kò bọ́, tó wá ń bínú, awọ ìka á bó, oríkèé ìka á wú. Ṣé awọ rẹ̀ bó?"

Sájẹ́ńtì gbé ọwọ́ sókè, ó fẹ́ fi kẹta kún un. Abẹ́rẹ́ dá a dúró. Ó ń rántí ìka náà nínú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí. Awọ rẹ̀ dán. Láti èékánná títí dé ibi tí wọ́n ti gé e, kò sí ibi kan tó bó.

"Kò bó," ó wí.

"Ẹ ò rí i? Ẹni yẹn ò tiẹ̀ fà á wò. Kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ wa nìyẹn."

Ìyàwó Káfíńtà jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àhámọ́, aṣọ nọ́ọ̀sì funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Abẹ́rẹ́ jókòó tì í, kò jókòó sí òdìkejì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ jà lé lórí láàárọ̀?"

"Ó ní ká sún ayẹyẹ náà síwájú. Ọjọ́ méjì péré ló kù! Mo ti pe gbogbo èèyàn. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí òun gbọ́dọ̀ sọ fún mi kí òun tó tún ẹ̀jẹ́ kankan jẹ́. Mo ní kó sọ ọ́ nígbà náà. Ó ní ẹnì kan wà tí òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí, kó má bàa dà bíi pé òun dà á. Mo bínú. Mo ní n ó pa á. Ọ̀gá, ta ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ ẹ̀ rí?"

"Kò dárúkọ ẹni náà?"

"Kò dárúkọ." Ó mi orí. "Kí ni wọ́n ṣe fún un? Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún mi. Wọ́n kàn ní ó ti kú."

Abẹ́rẹ́ rò ó, ó sì sọ ọ́ fún un: òòlù, ṣísẹ́ẹ̀lì, ìka tí wọ́n gé láti yọ òrùka. Ó ti múra sílẹ̀ fún ẹkún. Dípò bẹ́ẹ̀, obìnrin náà gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì dàrú.

"Òrùka wo? Kí ni wọ́n ń gé e sí? Òrùka yẹn ń bọ́ fúnra ẹ̀! Nígbà tó ń fọwọ́ lánàá, inú abọ́ ló bọ́ sí, èmi ni mo bá a he é!"

"Wọ́n ní kò bọ́ rí lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Ti wúrà nìyẹn. Ìka ẹ̀ ti sanra, òrùka ti ń gé e lára, ó ń dùn ún. A lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ayùn kékeré rẹ́ ẹ kúrò. Idẹ ni èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ojú ló ń tì í, kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀, nítorí gbogbo ẹnu tí wọ́n ti fi yangàn. Àwa àti alágbẹ̀dẹ nìkan la mọ̀. A ò tiẹ̀ sọ fún alétò."

Yàrá alágbẹ̀dẹ wúrà kò tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Bàbá arúgbó náà ṣí àpótí ìṣáná kan, ó da òrùka wúrà kan sí àtẹ́lẹwọ́ Abẹ́rẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti là.

"Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí," ó wí. "Èmi kì í fẹ òrùka lójú ẹsẹ̀. Ìka á wú lọ́sàn-án, á fọn láàárọ̀. Mo máa ń fún oníbàárà ní idẹ tó tóbi díẹ̀, kó wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ méje, kó fi ṣiṣẹ́, kó fi sùn. Bó bá ti padà wá, ni mo máa tó mọ ibi tí mo máa fẹ wúrà dé. Ti Káfíńtà tóbi jù. Ó ránṣẹ́ lánàá pé ó ń bọ́. Ẹni tí kò bá mọ wúrà ò lè mọ̀ pé idẹ ni. Mo dán an dáadáa."

Inú ọkọ̀ ni Abẹ́rẹ́ ti sọ ọ́ jáde. "Sájẹ́ńtì, ẹni tó gé ìka yẹn kò fà á wò. Kí ló dé?"

"Ó ń kánjú."

"Ẹni tó ń kánjú ló yẹ kó fà á. Fífà yá ju gígé lọ. Kò fà á nítorí ó dá a lójú pé kò lè bọ́ láéláé. Olè ọ̀nà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mọ̀ pé ó ń bọ́, òun náà kúrò níbẹ̀. Ẹni tó kù ni ẹni tó gba ìyangàn yẹn gbọ́ pátápátá, tó sì fẹ́ ká rò pé olè ni. Ó yá, èkejì. Ẹ̀jẹ̀ kún ọwọ́ rẹ. Omi wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí lo máa fi fọ̀ ọ́?"

"Omi ni."

"Kẹrosíìnì wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn pólíìṣì, èèyàn gbọ́dọ̀ wá a kó tó rí i. Kì í sì í mú ẹ̀jẹ̀ kúrò. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń lọ síbi kẹrosíìnì kí orí rẹ̀ tó rò ó?"

Sájẹ́ńtì rọra tẹ bíréèkì ọkọ̀. Ó ní, "Ẹni tó ń kun ọ̀dà. Òun ni wọ́n fi ń fọ ọ̀dà kúrò lọ́wọ́."

Gbọ̀ngàn ayẹyẹ ń rùn fún ọ̀dà tútù. Pẹ́ńtà wà lórí àkàbà, ó ń kun ògiri tó wà níwájú, níbi tí tọkọtaya náà máa dúró sí. Ó ga, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Nígbà tí ìròyìn ikú náà tàn, òun ló sáré lọ bá opó náà níbi iṣẹ́, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ọlọ́pàá ṣe ń mú un lọ, tó ń sọ fún un pé kó mọ́kàn le.

"Ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Kí ni kí n ṣe? Ibí la máa gbé òkú ẹ̀ wá. Kí ògiri mọ́." Ó sọ̀ kalẹ̀. "Ìyàwó ńkọ́? Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Àwọn olè yìí ló burú."

"Aago mélòó lẹ dé ibí?"

"Aago méje."

"Ta ló rí yín?"

"Ògiri," ó wí, ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

Abẹ́rẹ́ wo ògiri náà. Kò tíì kun ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ tán. "Àwọn olè yẹn ò gbọ́n, Ọ̀gá Pẹ́ńtà. Òrùka tí wọ́n gbé lọ, idẹ ni. Alágbẹ̀dẹ ló fún un fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó tóbi jù, ṣe ló ń yọ̀. Bí wọ́n bá gbọn ọwọ́ rẹ̀ lásán, ì bá bọ́."

Pẹ́ńtà gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Ó ń bọ́?"

"Ó ń bọ́ fúnra rẹ̀."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ náà kò bi í léèrè kó tó lọ. Ó mú òrùka náà jáde, ó fi sí ìka ara rẹ̀, ó dorí ọwọ́ kodò. Òrùka bọ́, ó yí lọ lórí sìmẹ́ńtì. Ó ń wò ó, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kò yẹ kí n gé e," ó wí. "Mo gé e lásán."

Sájẹ́ńtì na ọwọ́ sí i. Àṣìṣe nìyẹn. Pẹ́ńtà gbé garawa ọ̀dà, ó yí i lé e lójú, ó sì fi garawa náà gbá a lẹ́nu tó fi ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ lu ògiri. Ó fa irin pẹlẹbẹ tó fi ń ha ògiri yọ, ó kọjú sí Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà kejì, irin náà là á láti èjìká dé ìgúnpá, ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde gbọ́ọ́rọ́. Ó ṣubú. Ọkùnrin náà fi eékún tẹ̀ ẹ́ láyà, ó gbé irin sókè, ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó mọ ẹni tí òun ń bá jà mọ́. Abẹ́rẹ́ fi ẹsẹ̀ kọ́ àkàbà, ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀. Àkàbà wó lu Pẹ́ńtà lọ́rùn. Sájẹ́ńtì, tí kò ríran, tó ń sunkún ọ̀dà, fi gbogbo ara sísanra rẹ̀ bẹ́ lé e lórí, ó sì lọ́ ọwọ́ irin náà sẹ́yìn títí egungun fi ró pàkà.

Ìgbà tí wọ́n dè é tán, ó jókòó sínú ọ̀dà tó dà sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

"Bíríkìlà gbá mi létí lójú àwọn òṣìṣẹ́. Lórí àjà kẹta. Mo tì í. Mi ò tì í kó lè kú, mo kàn tì í ni. Àwọn yòókù ti yíjú lọ, Káfíńtà nìkan ló rí mi. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún gbogbo ayé pé pákó tí òun kàn ló já. Ó sọ ọ́ nítorí tèmi. Láàárọ̀ yìí, ó ní òun kò lè kan àga yẹn. Ó ní kí n jẹ́ ká jọ lọ sọ fún ìyàwó òun, bí mi ò bá lọ, òun nìkan á lọ. Bó ṣe kọ ẹ̀yìn sí mi ni mo rí òòlù."

Ní aago márùn-ún, wọ́n ṣí àhámọ́. Abẹ́rẹ́ ti fi aṣọ di apá rẹ̀ tó gbọgbẹ́. Ó lè ní kí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún obìnrin náà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó tì í bíi ti àkọ́kọ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán. Kò sunkún. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Ọkọ mi mọ̀."

"Ó mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Láti ìgbà wo?"

"Ojú rẹ̀ ló ṣe."

"Kó tó wá bá mi pé òun fẹ́ fẹ́ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún kan gbáko ṣáájú ìgbéyàwó yín."

Obìnrin náà mi orí lọ, mi orí bọ̀, bí ẹni tó ń ka ọdún. "Gbogbo ọjọ́ tí mo ń sunkún ẹ̀gbọ́n mi, òun ló ń nu omijé mi. Ẹ̀yìn mi ló ń fọwọ́ pa."

"Ó fẹ́ sọ fún yín ni, Ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn ni wọ́n ṣe pa á."

"Mo gbọ́." Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó fọwọ́ na aṣọ funfun náà tó ti rún. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ọ̀gá, ẹ ṣeun tí ẹ wá ẹni tó pa á rí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé kì í ṣe èmi. Òótọ́ ni. Àmọ́ ká ní ó sọ fún mi láàárọ̀ yìí ni, ẹ kì bá tí wá ẹlòmíràn lọ."

Abẹ́rẹ́ fa ìwé ìtúsílẹ̀ jáde lórí tábìlì. Ó bu ọwọ́ lù ú fún un pé ó ti di òmìnira, obìnrin náà sì jáde, ó dá rìn lọ sílé.